Giulio Natta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tó Mọ Iṣẹ́ Alárinà

  Ní sáà yìí, olùkọ́ wa ní kí kálukú wa kọ ìtàn ẹnì kan tó ti kú tipẹ́, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sì mọ̀. Àwọn kan mú Mọremí, àwọn kan mú Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Èmi mú ará Ítálì kan, torí pé Torino ni wọ́n bí mi sí, Torino náà ni mo ti ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba. Orúkọ ọkùnrin náà ni Giulio Natta.

Bí ẹ ò bá tíì gbọ́ orúkọ yẹn rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ lónìí. Àpò ìrẹsì tí àwọn ìyá wa ń rà ní ọjà Porta Palazzo ń kọ́? Ike onídèérí tí a fi ń di ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù lọ sílé lẹ́yìn ìkómọ ń kọ́? Báàgì ńlá aláwọ̀ pupa àti búlúù tí gbogbo wa fi ń kó ẹrù lọ sí Nàìjíríà ń kọ́? Púpọ̀ nínú wọn, irú ike tí Natta àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sọ di ohun tí gbogbo ayé ń lò ni. Ṣùgbọ́n ike kọ́ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di gbajúmọ̀ láàárín àwọn onímọ̀. Mẹ́tánọ́ọ̀lù ni. Màá ṣàlàyé rẹ̀.

Ìgbà èwe rẹ̀

Wọ́n bí Giulio Natta ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 1903, ní Porto Maurizio, ìlú kan létí òkun tó ti di ara Imperia báyìí. Amòfin ni bàbá rẹ̀, ó sì di adájọ́. Ìlú Genova ni Giulio ti lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 12, ó ka ìwé kẹ́mísírì fún ìgbà àkọ́kọ́, ìwé náà sì wọ̀ ọ́ lọ́kàn gan-an. Ọmọ ọdún 11 lèmi, ó ṣì ku ọdún kan fún mi, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó parí ilé-ìwé girama. Ó kọ́kọ́ ka ìṣirò ní Yunifásítì Genova, lẹ́yìn náà ó kọjá sí Politecnico ti Milano. Ní 1924 ó gboyè ẹnjiníà kẹ́mísírì. Ọmọ ọdún 21 péré ni.

Kí ni iṣẹ́ alárinà nínú kẹ́mísírì?

Kẹ́mísírì ni ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan kan ṣe ń yí padà di nǹkan mìíràn. Bí iná bá sọ igi di eérú àti èéfín, kẹ́mísírì nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí o tilẹ̀ kó wọn sínú ìkòkò kan náà, wọn ò ní dá ara wọn lóhùn. Wọ́n nílò alárinà.

Ẹ̀yin òbí wa mọ alárinà dáadáa. Màmá mi ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Láyé àtijọ́, bí ọkùnrin bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló máa ń lọ bá a. Alárinà ló máa ń lọ. Á gbọ́ ti ìhín, á gbọ́ ti ọ̀hún, á mú àwọn méjèèjì sún mọ́ ara wọn. Tí wọ́n bá ti mọ ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Òun kọ́ ni ọkọ, òun kọ́ ni ìyàwó. Bó ṣe wá náà ló ṣe máa padà lọ, lọ́la ó sì lè lọ ṣe alárinà fún ẹlòmíràn.

Nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú kẹ́mísírì. Ní ilé-ìwé wa níbí, catalizzatore ni wọ́n ń pè é. Ọ̀kan wà lábẹ́ ọkọ̀ bàbá mi tó ń sọ èéfín búburú di èyí tó sàn díẹ̀. Kì í tán bí epo ṣe ń tán. Àwọn gáàsì á wá sórí rẹ̀, wọ́n á pàdé, wọ́n á yí padà, wọ́n á lọ. Òun á wà níbẹ̀. Iṣẹ́ alárinà yìí ni Giulio Natta fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe.

Mẹ́tánọ́ọ̀lù

Mẹ́tánọ́ọ̀lù jẹ́ ohun olómi tó mọ́ gaara bí omi, tó sì ń jó bí ọtí líle. Wọ́n ń fi í ṣe gúlù tí wọ́n fi ń lẹ pákó, wọ́n ń fi í ṣe ọ̀dà àti ike, ẹ̀rọ mìíràn sì lè lò ó bí epo. Tẹ́lẹ̀, ara igi ni wọ́n ti ń rí i. Wọ́n á ti igi mọ́ inú àpótí irin, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀ láìjẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, mẹ́tánọ́ọ̀lù díẹ̀ á wà nínú omi tó ń kán jáde. Igi púpọ̀, mẹ́tánọ́ọ̀lù kékeré.

Ní 1923, ilé-iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láti inú gáàsì. Gáàsì méjì ni: kábọ̀n mọnọ́sáìdì àti háídírójìn. Alárinà wọn jẹ́ àdàlù síǹkì àti kúrómíọ̀mù. Ṣùgbọ́n alárinà yẹn ya ọ̀lẹ díẹ̀. Kó tó ṣiṣẹ́, wọ́n ní láti fún àwọn gáàsì náà pọ̀ pẹ̀lú agbára tó ju 200 ìgbà lọ ju ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, kí ooru sì ju 300 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Irin tó lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀ mọ́ra nípọn gan-an, owó rẹ̀ sì pọ̀.

Natta, tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní Milano, fẹ́ mọ ohun tí alárinà yìí ń ṣe gan-an. Ó lo X-ray láti wo inú rẹ̀, bí dókítà ṣe ń wo eegun tó ṣẹ́. Ó ń wo bí àwọn pàtíkù rẹ̀ ṣe tò. Ó tún ń ṣírò bí gáàsì ṣe ń yára yí padà, àti ohun tó ń mú kó yára. Ó mọ iṣẹ́ yìí débi pé ó kọ orí gígùn kan lórí rẹ̀ nínú ìwé ńlá kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1955.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún gbogbo ọmọdé: mẹ́tánọ́ọ̀lù kì í ṣe ohun mímu o! Májèlé ni. Ó ń fọ́ ojú, ó sì ń pa ènìyàn. Ní 1986, àwọn kan níbí ní àríwá Ítálì da mẹ́tánọ́ọ̀lù sínú wáìnì kí wọ́n lè rí owó púpọ̀, ó sì pa ènìyàn tó lé ní 20. Ní 2015, irú ọ̀ràn yìí dé Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ojú àwọn ènìyàn ń fọ́, wọ́n ń kú, àwọn kan sì rò pé òrìṣà ló ń bínú. Ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni wọ́n rí i pé mẹ́tánọ́ọ̀lù ló wà nínú ògógóró tí wọ́n mu. Ohun kan náà lè ṣe rere, ó sì lè ṣe ibi.

Torino àti ọdún 1938

Ní 1932 Natta lọ sí Freiburg ní Jámánì. Níbẹ̀ ló ti pàdé Hermann Staudinger, ẹni tó ń sọ pé nǹkan bíi rọ́bà jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn gan-an, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín sórí okùn. Ọ̀pọ̀ ọ̀jọ̀gbọ́n ni kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Natta gbà á gbọ́, kò sì gbàgbé.

Ó di olùkọ́ àgbà ní Pavia ní 1933, ó lọ sí Róòmù ní 1935, lẹ́yìn náà ó wá dé Torino wa yìí. Kò pẹ́ níbí, ó padà sí Milano ní 1938. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe padà.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1938, ìjọba Mussolini ṣòfin pé Júù kankan kò gbọdọ̀ ṣe olùkọ́ ní ilé-ìwé ìjọba mọ́. Wọ́n ní àwọn ọmọ Júù pàápàá kò gbọdọ̀ wọ ilé-ìwé ìjọba, irú ilé-ìwé tí èmi ń lọ. Ẹni tó ń darí ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ilé-iṣẹ́ ní Politecnico ti Milano nígbà yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Mario Giacomo Levi. (Kì í ṣe Primo Levi tó kọ ìwé o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé onítọ̀hún náà ń ka kẹ́mísírì ní Torino lásìkò yẹn.) Padova ni wọ́n bí Mario Levi sí. Ọmọ Ítálì ni, ó sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n Júù ni, wọ́n sì lé e. Giulio Natta ni wọ́n fi sórí àga rẹ̀.

Nígbà tí mo kà á, inú mi ò dùn. Natta kọ́ ló ṣe òfin yẹn, àmọ́ òun ló jókòó sórí àga yẹn. Mo bi bàbá mi bóyá kí n fo apá yìí, torí mo fẹ́ kí ìtàn mi dára. Bàbá mi ní àwọn baba wa kì í fi oríkì yin ènìyàn nìkan. Nínú oríkì, wọ́n á kan sáárá sí ọ, wọ́n á sì tún dárúkọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó nínú ìran rẹ, kí ìwọ àti àwọn ọmọ rẹ má bàa gbàgbé. Nítorí náà mo fi í síbẹ̀. Òtítọ́ korò, àmọ́ ó yẹ ká sọ ọ́.

Ìdí mìíràn tí mo fi ń rò ó ni pé a bí mi ní Torino, àmọ́ ìwé ìrìnnà aláwọ̀ ewé ti Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ mi. Àfi tí mo bá pé ọdún 18 kí n tó lè béèrè láti di ọmọ Ítálì, tàbí kí àwọn òbí mi kọ́kọ́ di ọmọ Ítálì. Èyí kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn Júù. Tiwọn burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, wọ́n pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n Ọ̀jọ̀gbọ́n Levi rò pé ilé òun lòun wà, títí tí wọ́n fi sọ fún un pé kì í ṣe ilé rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ 27 oṣù Kìíní tí a bá ń ṣe Ọjọ́ Ìrántí ní ilé-ìwé wa, màá máa rántí orúkọ rẹ̀ náà.

Ìlẹ̀kẹ̀ tó kọjú sí ibì kan

Lẹ́yìn ogun, ilé-iṣẹ́ Montecatini ń fún Natta lówó láti ṣe ìwádìí. Ní 1952 ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ará Jámánì kan, Karl Ziegler, sọ ní Frankfurt. Ní 1953, Ziegler rí alárinà tuntun tó ní alumíníọ̀mù àti tàítáníọ̀mù nínú. Alárinà yìí ń so gáàsì kan pọ̀ di ike láìlo agbára ńlá rárá.

Natta mú alárinà Ziegler, ó fi í sórí gáàsì mìíràn tó ń jẹ́ propylene, èyí tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ epo rọ̀bì, tó sì pọ̀ tí kò wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1954, ike tuntun jáde ní Milano: polypropylene. Ó fúyẹ́, ó le, omi gbígbóná kì í tètè bà á jẹ́.

Kí ló dé tó fi le bẹ́ẹ̀? Ẹ padà sí ìlẹ̀kẹ̀. Ká ní ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìrù kékeré kan. Bí o bá sín in ní jágbajàgba, ìrù kan sókè, ìrù kan sísàlẹ̀, okùn méjì kò ní lè sùn ti ara wọn dáadáa, ike náà á rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìrù bá kọjú sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, àwọn okùn á tò mọ́ra wọn, ike á le. Alárinà yẹn ló ń tò wọ́n bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. X-ray tí Natta ti fi kọ́ṣẹ́ nígbà tó ń wo alárinà mẹ́tánọ́ọ̀lù, òun náà ló fi rí èyí.

Ta ló fún ìtò yìí lórúkọ? Ìyàwó rẹ̀ ni! Rosita Beati lorúkọ ìyàwó náà, 1935 ni wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n sì bí ọmọ méjì. Kì í ṣe onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹ̀kọ́ lítíréṣọ̀ ló kà. Ó mú ọ̀rọ̀ méjì láti inú èdè Gíríìkì, ó so wọ́n pọ̀: isotactic, èyí tó túmọ̀ sí ìtò kan náà. Títí dòní, ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo onímọ̀ ayé ń lò. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn èdè ju sáyẹ́ǹsì lọ, ẹ má rò pé iṣẹ́ ò sí fún yín.

Ní 1957, ilé-iṣẹ́ ike náà bẹ̀rẹ̀ ní Ferrara. Moplen ni wọ́n sọ ọ́ ní ọjà, àwọn ìyá àgbà ará Ítálì ṣì mọ orúkọ yẹn. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀ kọ́ ni ayọ̀. Ziegler bínú sí Natta, ó ní ó lo alárinà òun láti sáré ṣíwájú òun, àwọn méjèèjì sì yan ara wọn lódì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ará Amẹ́ríkà kan náà ní àwọn ti rí ike yẹn ṣáájú, ẹjọ́ rẹ̀ sì pẹ́ gan-an ní kóòtù.

Ẹ̀yẹ Nobel àti àìsàn

Ní 1956, àìsàn Parkinson bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Natta. Àìsàn yìí máa ń mú kí ara gbọ̀n, kí ó sì le. Ẹni tó fẹ́ràn láti máa rìn lórí òkè, tó sì máa ń ṣa olú nínú igbó, wá di ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé dáadáa mọ́. Síbẹ̀ ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1963, òun àti Ziegler jọ gba ẹ̀yẹ Nobel ní Stockholm. Wọ́n ní láti ràn án lọ́wọ́ kó tó lè dìde. Ẹ̀yẹ yẹn ni Wọlé Ṣóyínká wa gbà ní 1986 fún lítíréṣọ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, Natta nìkan ni ará Ítálì tó gbà á fún kẹ́mísírì.

Rosita kú ní 1968. Natta kú ní Bergamo ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 1979. Ilé-ìwé kan wà ní Rivoli, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Torino, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀ka kẹ́mísírì Politecnico ti Milano náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Bàbà gba iṣẹ́ alárinà

Iṣẹ́ mẹ́tánọ́ọ̀lù kò kú pẹ̀lú Natta. Àwọn onímọ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé bàbà, irin pupa tó wà nínú wáyà iná, yára ju síǹkì àti kúrómíọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n bàbà lẹ́gẹ́. Ìmí ọjọ́ tó wà nínú gáàsì máa ń pa á. Ní 1966, ilé-iṣẹ́ ICI ní Ìlú Ọba ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọ gáàsì mọ́, wọ́n sì fi bàbà ṣe alárinà. Agbára tí wọ́n fi ń fún gáàsì wálẹ̀ sí nǹkan bí 50 sí 100, ooru náà wálẹ̀ sí nǹkan bí 250. Bàbà nìkan kọ́ o. Bí ooru bá mú àwọn hóró bàbà kéékèèké, wọ́n máa ń fẹ́ lẹ̀ mọ́ra di ńlá, wọn ò sì ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Síǹkì ọ́sáìdì àti alúmínà ló ń là wọ́n, bí olùkọ́ ṣe ń la àwa ọmọ tí a bá ń fún ara wa lórí ìlà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé nígbà tí wọ́n tọpa kábọ̀n inú mẹ́tánọ́ọ̀lù yìí, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti ara kábọ̀n dayọ́sáìdì, gáàsì tí a ń mí síta, tó ń ti inú èéfín ọkọ̀ jáde, tó sì ń mú ayé gbóná. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé: ẹ jẹ́ ká mú gáàsì yẹn, ká fi háídírójìn tí a yọ lára omi kún un, kí bàbà ṣe alárinà, kó di mẹ́tánọ́ọ̀lù tí ọkọ̀ òkun lè lò. Ní Iceland, ilé-iṣẹ́ kan ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe idán o. Iṣẹ́ náà ń mú omi jáde, omi yẹn sì máa ń da bàbà láàmú. Háídírójìn wọ́n, iná mànàmáná púpọ̀ ló ń gbà. Bí a bá sì sun mẹ́tánọ́ọ̀lù náà, gáàsì yẹn á tún padà sójú ọ̀run, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan náà la lò ó lẹ́ẹ̀mejì. Kò sì ní gbá eruku dúdú tó ń mú wa wúkọ́ nígbà òtútù ní Torino, Milano àti Padova kúrò, torí ìyẹn yàtọ̀: òkè ló sé afẹ́fẹ́ wa mọ́ ní àfonífojì odò Po. Ṣùgbọ́n yìnyín orí òkè Alps tí a ń rí láti ojú fèrèsé ilé-ìwé wa ń dínkù, ooru sì ń pọ̀ sí i ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wá alárinà tó dára ju èyí lọ, tí iye rẹ̀ kò ní pọ̀.

Bákan náà, ike Natta kì í jẹrà. Ohun tó jẹ́ kó wúlò náà ló jẹ́ kó dí ojú gọ́tà ní Èkó. Bí ẹ bá ti lo àpò ìrẹsì tán, ẹ má jù ú nù. Màmá mi ń gbin ewédú sínú tiwa lórí báńkóònì.

Ìbéèrè fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́

1. Ọmọ ọdún mélòó ni Natta nígbà tó ka ìwé kẹ́mísírì àkọ́kọ́?
2. Ta ni wọ́n lé kúrò lórí àga ní 1938, ìlú wo ni wọ́n sì bí i sí?
3. Kí ló dé tí bàbà fi nílò síǹkì ọ́sáìdì àti alúmínà?
4. Ẹ bi màmá tàbí bàbá yín: ta ló ṣe alárinà fún wọn?